Bí píà ṣe lè tètè rọ̀
Ẹ má kó píà tó ṣì le koko sínú fíríìjì o, òtútù ló ń dá a dúró. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 1 tó ti pọ́n dáadáa, kí ẹ sì ká ẹnu àpò náà. Afẹ́fẹ́ ethylene tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde ló ń mú un yára pọ́n. Ọ̀rá kò dáa ní tiẹ̀: omi á sé mọ́ inú rẹ̀, píà á sì bu. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra fún un wò. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á dúdú. Bó bá ti rọ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni fíríìjì wúlò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n já kó tó gbó kò ní rọ̀ bó ti yẹ. Ńṣe ni yóò hunjọ, tí yóò sì yi bíi rọ́bà.