Ọṣẹ àti Bílíìṣì Nínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Ẹnu Rẹ̀ Wà Níwájú: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú kì í rì aṣọ sínú omi bí ẹ̀rọ tí a ń kó aṣọ sí láti òkè ṣe ń rì í. Omi díẹ̀ ló ń fà, tí ó tó láti rin aṣọ gbingbin, tí ìwọ̀nba díẹ̀ á sì kù sí ìsàlẹ̀. Ohun tó ń fọ aṣọ gan-an ni bí ikùn ẹ̀rọ náà ṣe ń gbé e lọ sókè, tí ó sì ń jẹ́ kí ó já lulẹ̀ gbì, léraléra. Nítorí pé omi rẹ̀ kò pọ̀, ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù tàbí bílíìṣì tó bá pọ̀ jù kò rí ibi lọ: inú aṣọ àti inú ẹ̀rọ náà ni yóò wà.

Ọ̀pọ̀ wa la gbà pé ọṣẹ tí kò bá hó kò lè fọ nǹkan kan mọ́. Nínú ẹ̀rọ yìí, òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òtítọ́. Bí ìfófó bá kún inú rẹ̀, orí ìfófó ni aṣọ yóò máa rọra bọ́ lé, kò ní já gbì mọ́, ìdọ̀tí kò sì ní bọ́ bó ti yẹ. Pọ́ǹpù tó ń lé omi dànù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ omi, ìfófó náà á di ikùn ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ sáré yí láti fún aṣọ gbẹ, àwọn ẹ̀rọ kan tó bá sì fura sí i á fi kún iye ìgbà tí wọ́n ń ṣan aṣọ, tí iṣẹ́ wákàtí kan á fi gùn kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá wá le jù, á gba dúrọ́ọ̀ ọṣẹ tàbí etí ilẹ̀kùn jáde sórí ilẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, kí ẹ jẹ́ kó lé omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá fi omi tútù nìkan ṣan aṣọ náà títí ìfófó yóò fi lọ. Omi ìmú-aṣọ-rọ̀ díẹ̀ nínú omi ìṣanṣọ máa ń pa ìfófó.

Ọṣẹ wo ni kí a rà?

Ọṣẹ tí a ṣe fún ẹ̀rọ tó ń lo omi díẹ̀ ni kí ẹ rà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lẹ́tà méjì, HE, ni wọ́n fi ń ṣàmì rẹ̀ lára páálí tàbí ike. Ní Yúróòpù, níbi tí irú ẹ̀rọ yìí ti pẹ́ nínú ilé àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọṣẹ ẹ̀rọ kì í gbé àmì náà, síbẹ̀ wọn kì í hó púpọ̀. Bí àmì kò bá sí, ẹ kà á bóyá wọ́n kọ ọ́ pé fún ẹ̀rọ ni tàbí fún fífi ọwọ́ fọ̀. Èyí tí a ṣe fún ọwọ́, wọ́n dìídì ṣe é kó lè hó ni. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ẹ̀rọ kí ó má baà hó jù, ṣùgbọ́n bí a ti ń dín ìfófó kù bẹ́ẹ̀ la ń dín ohun tó ń fọ aṣọ kù pẹ̀lú. Ọṣẹ ìfọbọ́ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ rárá. Ọṣẹ líle tí a rún wẹ́wẹ́ náà kò dára, pàápàá nínú omi líle, irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, nítorí ó máa ń di èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti ara ẹ̀rọ.

Láàárín ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú àti ọṣẹ olómi, èmi yóò fi lẹ́búlẹ́bú ṣáájú fún aṣọ funfun àti aṣọ tó dọ̀tí gidi, nítorí òun ló lè gbé bílíìṣì olóksíjìn nínú, irú bílíìṣì tí a ó ṣàlàyé nísàlẹ̀. Ọṣẹ olómi kì í sábà ní in. Olómi dára fún àbààwọ́n epo àti fún fífọ aṣọ pẹ̀lú omi tútù, níbi tí lẹ́búlẹ́bú ti lè má yọ́ tán. Aṣọ aláwọ̀ ní ọṣẹ tirẹ̀, tí kò ní bílíìṣì nínú, òun ló sì ń jẹ́ kí àwọ̀ pẹ́ lára aṣọ. Ní ti ọṣẹ inú ọ̀rá kékeré tó ń yọ́, inú ikùn ẹ̀rọ ni a ń jù ú sí kí aṣọ tó wọlé, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, nítorí ó jọ súìtì lójú wọn, ó sì lè ṣe wọ́n léṣe gidigidi bí wọ́n bá gé e jẹ tàbí tó bá ta sí wọn lójú.

Ọ̀pọ̀ ọṣẹ òde òní ní ẹ́ńsáìmù nínú: ọ̀kan ń tú ẹ̀jẹ̀, wàrà àti ẹyin ká, òmíràn ń tú oúnjẹ onísítáàṣì, òmíràn ń tú ọ̀rá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi 40°C, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Èyí tó ń tú ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin ká kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn àti irun àgùntàn tàbí sílíkì, nítorí náà aṣọ méjèèjì yìí ń fẹ́ ọṣẹ tí kò ní ẹ́ńsáìmù. Bí aṣọ bá gba ẹ̀jẹ̀ tàbí wàrà lọ́dọ̀ ẹran ọ̀sìn, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan án, nítorí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí irú àbààwọ́n bẹ́ẹ̀ wọ inú aṣọ ṣinṣin.

Ìwọ̀n ọṣẹ

Ẹ má fi ojú wọn ọṣẹ. Ìlà wà nínú ìdérí tàbí ife tó bá a wá, ìlà tó wà nísàlẹ̀ jù sì ni ti aṣọ tí kò pọ̀, tí kò dọ̀tí jù, nínú omi tí kì í ṣe líle. Omi líle àti ìdọ̀tí púpọ̀ ni ìdí gidi tí a fi lè fi kún un. Bí ẹ bá fura pé ọṣẹ ń ṣẹ́kù sí aṣọ yín, ẹ kó aṣọ ìnura díẹ̀ tí ẹ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láìbu ọṣẹ kankan sí i, kí ẹ sì wo gíláàsì ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ìfófó bá yọ, ọṣẹ àtẹ̀yìnwá ló ń jáde. Ẹ tún ṣọ́ bí aṣọ ṣe kún tó: ó yẹ kí àyè tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà kù lókè rẹ̀, kó lè rí ibi já sí.

Dúrọ́ọ̀ ọṣẹ sábà máa ń ní àyè mẹ́ta. Èyí tí wọ́n kọ I sí ni ti fífọ̀ àkọ́kọ́ fún aṣọ tó dọ̀tí púpọ̀, II ni ti fífọ̀ gan-an, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí sì ni ti omi ìmú-aṣọ-rọ̀. A kì í da omi ìmú-aṣọ-rọ̀ kọjá ìlà MAX, a kì í sì í lò ó fún aṣọ ìnura, nítorí kì í jẹ́ kí ó fa omi dáadáa mọ́.

Bílíìṣì

Oríṣi bílíìṣì méjì ló wà, àṣìpè ọ̀kan fún èkejì sì ti ba aṣọ púpọ̀ jẹ́. Àkọ́kọ́ ni bílíìṣì kúlórínì, omi tó ń rùn fín-ín, tí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ sodium hypochlorite. Ó ń sọ aṣọ òwú funfun di funfun, ó sì ń pa kòkòrò àìsàn. Èkejì ni bílíìṣì olóksíjìn, lẹ́búlẹ́bú tó sábà máa ń jẹ́ sodium percarbonate, èyí tó ń tú hydrogen peroxide jáde nínú omi. Kò le tó ti àkọ́kọ́, ó ń fẹ́ omi tó gbóná, láti 40°C sókè, kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣọ aláwọ̀ ló lè gbà á láìṣá. Bí kì í bá ṣe pé àìsàn wà nínú ilé, èkejì yìí ni mo rò pé ó tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Àmì onígun mẹ́ta lára aṣọ ni yóò sọ èyí tó yẹ. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, aṣọ náà gba bílíìṣì èyíkéyìí. Bí ìlà méjì bá dábùú nínú rẹ̀, olóksíjìn nìkan ló gbà. Bí wọ́n bá fi àmì àgbélébùú pa á rẹ́, kò gba ìkankan. Irun àgùntàn, sílíkì, awọ, àti aṣọ tó ń nà bíi rọ́bà kò bá kúlórínì ṣe: wọ́n á pọ́n tàbí kí wọ́n máa já. Bí aṣọ aláwọ̀ kan bá ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ po ṣíbí kékeré 2 bílíìṣì kúlórínì mọ́ nǹkan bíi mílílítà 60 omi, ẹ kán ẹ̀kán kan sí ibi ìrán tí kò hàn, ẹ dúró ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sì fi nǹkan funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ kò bá yí padà, ẹ lè lò ó.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní àyè tirẹ̀ fún bílíìṣì kúlórínì, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ dà á sí, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìlà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò mú un dúró, yóò sì tú u sínú omi nígbà tí ọṣẹ bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, èyí tó dára, nítorí kúlórínì máa ń pa ẹ́ńsáìmù inú ọṣẹ bí wọ́n bá jọ wọlé. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a da bílíìṣì kúlórínì pọ̀ mọ́ ọṣẹ ní àyè II. Àyè òdòdó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ìṣanṣọ tó kẹ́yìn ló ń gbé ohun inú rẹ̀ wọlé, bílíìṣì náà yóò sì kù sára aṣọ. A kì í dà á láìlà lé aṣọ lórí tàbí sínú ikùn ẹ̀rọ, nítorí ó ń jẹ aṣọ, ó sì lè jẹ irin tó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn kò ní àyè fún un rárá, ìwé àwọn kan nínú wọn sì sọ ọ́ gbangba pé kí a má lo kúlórínì. Irú èyí, ẹ rẹ aṣọ funfun náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike pẹ̀lú bílíìṣì tí ẹ ti fi omi là bí ìwé ara rẹ̀ ṣe sọ, ìṣẹ́jú 5 sábà máa ń tó, kí ẹ ṣan án dáadáa kí ó tó wọ ẹ̀rọ.

Bí omi yín bá ní ìpẹtà nínú, kúlórínì á mú ìpẹtà náà jáde sára aṣọ ní àbààwọ́n pupa, nítorí náà olóksíjìn ni kí ẹ lò. Bílíìṣì kúlórínì tún máa ń rọ níbi tó bá gbóná tàbí tí oòrùn ń tà sí. Bí ó bá ti pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, agbára rẹ̀ á ti dín kù, fífi kún ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju àfojúdá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí a kì í fi ṣeré. Bílíìṣì kúlórínì kò gbọ́dọ̀ pàdé amóníà, ọtí kíkan, tàbí omi ìfọ-ilé-ìgbẹ́ tó ní ásíìdì, ì báà jẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí nínú ẹ̀rọ. Gáàsì olóró ni ìdàpọ̀ wọn ń mú jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráàyè wọ̀.

Aṣọ oko

Aṣọ tí a fi fín oògùn apakòkòrò tàbí apakoríko kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ ilé wọnú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ ṣan án níta, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi tó gbóná jù tí aṣọ náà lè gbà, omi púpọ̀ jù tí ẹ̀rọ lè fà, àti ọṣẹ olómi, èyí tó ń bá oògùn elépo jà ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Bílíìṣì kì í yọ oògùn wọ̀nyí kúrò, ẹ má sì dà á sí i. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ yí ẹ̀rọ náà lófìfo kí aṣọ mìíràn tó wọ̀ ọ́. Aṣọ tí oògùn àìlà bá ti rin gbingbin kì í ṣe ohun tí a ń fọ̀. Kí ẹ jù ú nù ni.

Ìmọ́tótó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀

Ẹ̀rọ tó bá ń rùn sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi omi tútù àti ọṣẹ olómi nìkan lò, tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lẹ́yìn ìfọṣọ. Ọṣẹ àti omi ìmú-aṣọ-rọ̀ tó ṣẹ́kù ló ń di èérí yíyọ̀ níbi tí a kò rí, tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn á sì máa ṣú dúdú. Ẹ nu rọ́bà náà gbẹ, títí kan ìṣẹ́po rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn àti dúrọ́ọ̀ máa ṣí díẹ̀, bí kò bá sí ọmọ kékeré tó lè kó sínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yí i lófìfo ní 60°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó ní bílíìṣì olóksíjìn. Asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ níwájú náà ń fẹ́ fífọ̀: ẹ gbé abọ́ pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú u, nítorí omi wà lẹ́yìn rẹ̀.