Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ lanlọ́ọ̀dù fún ilé mi ní London

Ọdún méjì ni ọmọ kan fi sùn lókè àjà ilé mi kí n tó wọn yàrá náà.

Nígbà tí a kó lọ sí Kent, a fi ilé wa tó wà ní ìlà-oòrùn London sọ́wọ́ éjẹ́ńtì. Èèyàn márùn-ún ló ń gbé ibẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, àmọ́ wọ́n jọ ń lo kíṣìnì àti balùwẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òfin England ń pè ní HMO, tí ayálégbé ibẹ̀ bá sì ti pé márùn-ún, lanlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ káńsù. Èmi rò pé éjẹ́ńtì ti gbà á. Nígbà tí mo bi í, ó ní iṣẹ́ lanlọ́ọ̀dù nìyẹn. Ara mi bù máṣọ. Kò sí òpin sí iye tí kọ́ọ̀tù lè ní kí ẹni tí kò ní ìwé yìí san, ayálégbé náà sì lè gba owó ilé tó ti san padà.

Ẹni tó fi ilé fún tọkọtaya àtọmọ wọn kó má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun o. Láti 2013 ni káńsù Newham ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé àṣẹ káàkiri àdúgbò rẹ̀, yálà HMO ni tàbí ilé ìdílé kan, àwọn káńsù mìíràn sì ti ṣe irú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tí káńsù yín wí.

Mi ò kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù títí mo fi lọ sílé náà lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú téèpù. Yàrá mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ó ku ti òkè pátápátá, níbi tí ọmọ Ìbàdàn kan tó ń kàwé másítà ń gbé.

"Mọ́mì, ẹ rọra o, ẹ má forí gbá àjà."

Àjà ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo rí ibì kan tí ọ̀dà ti dúdú, ní òkè ìrọ̀rí gan-an. Mo bi í pé kí ló ṣe ibẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun máa ń fi ọwọ́ tì láàárọ̀ kí òun tó dìde, kí orí òun má bàa gbá a.

Yàrá náà gùn ní mítà 3.4, ó fẹ̀ ní 2.5. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 8.5, bẹ́ẹ̀ láti October 2018, 6.51 ló kéré jù tí òfin fọwọ́ sí kí àgbàlagbà kan máa sùn nínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí mo ṣe rántí pé ibi tí àjà kò bá ga tó mítà 1.5, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Ọmọ náà bá mi di téèpù mú, a fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 70 nínú fífẹ̀ yàrá náà ló bọ́ sẹ́yìn ìlà. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 6.12.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń gbowó yàrá yẹn, mi ò sì gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ rí látìgbà tó ti kó dé. Ó dùn mí gan-an.

Káńsù lè fún èèyàn láyè tó tó oṣù 18 láti tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Mi ò dúró dè é. Pálọ̀ iwájú ni mo sọ di yàrá fún un, iye tó ń san tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń san. Ẹrù la kó sókè àjà.

Ìwé tó kù kò le: ẹ̀rí àyẹ̀wò gáàsì tọdọọdún, ti iná mànàmáná ọlọ́dún márùn-ún, ẹ̀rí aláàmù ẹ̀fin, àti àwòrán ilé pẹ̀lú ìwọ̀n yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé sí báńkì tó yá wa lówó ilé pẹ̀lú, torí òfin ní kí wọ́n gbọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni káńsù pín owó ìwé àṣẹ náà sí: apá kan nígbà tí mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ìyókù nígbà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ káńsù dé, ẹnu ọ̀nà iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn láti inú, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, kí n wá jáde. Mi ò lè jáde. Ó ní tí iná bá sọ lóru, inú òkùnkùn àti ẹ̀fin lẹnì kan á ti máa wá kọ́kọ́rọ́ yìí. Ọjọ́ yẹn náà ni mo pe káfíńtà, ó pààrọ̀ lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn náà sí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí láti inú.

Káńsù kọ́kọ́ fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà tí wọn ò tíì fọwọ́ sí ránṣẹ́, wọ́n fún mi ní ọjọ́ 14 láti sọ tẹnu mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ yí padà. Ojúlówó rẹ̀ dé lẹ́yìn náà, ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sí i.

Mo tẹ orúkọ mi, àdírẹ́sì mi àti nọ́ńbà fóònù mi sórí pépà kan láti lẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, torí ó pọn dandan kí àwọn ayálégbé mọ ẹni tí wọn ó pè. Ọmọ Ìbàdàn yẹn ló bá mi lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a gbé e sókè díẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lè tètè rí i.