Yíyan Petit Beurre nílé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Bìsíkíìtì onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọdé máa ń gé etí rẹ̀ jẹ kí wọ́n tó kan àárín, Nantes nílẹ̀ Faransé ló ti wá ní 1886. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: fùláwà gíráàmù 250, bọ́tà 100, ṣúgà 100, omi 60, iyọ̀ díẹ̀, àti ìdajì ṣíbí tíì páúdà ìwúkàrà, èyí tí wọ́n ń kọ levure chimique sí lára. Májárìn ọjà Wàńdó náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ wo ara ike rẹ̀. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò bá tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún, omi ló kún inú rẹ̀. Á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

A kì í na bọ́tà òun ṣúgà títí á fi funfun bíi ti kéèkì. Ṣe la ń yọ́ wọn pẹ̀lú omi àti iyọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́, kí atẹ́gùn má baà ráyè wọ̀ ọ́. Ìdí tó fi ń kán pá lẹ́nu nìyẹn. Kí ó tó hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá lọ wọ́ọ́rọ́, ẹ da fùláwà àti páúdà sí i. Tí ẹ bá dà á sí i ní gbígbóná, á dì bí ẹ̀kọ. Ẹ rò ó pọ̀ lásán. Ẹni tó bá pò ó bíi búrẹ́dì, bìsíkíìtì rẹ̀ á sún kì, á sì le. Á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ẹ má fi fùláwà kún un o! Ẹ gbé e sí fìríìjì mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìgò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó nípọn tó mìlímítà 4 níbi gbogbo, torí ibi tó bá fẹ́lẹ́ ló ń kọ́kọ́ jóná. Ẹ gé e ní onígun mẹ́rin, kí ẹ sì dá ihò sí i lára. Ti Nantes ní ihò 24: fọ́ọ̀kì eléyín mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ó pé. Láìsí ihò, ooru á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

Ààrò gáàsì: 180 °C, ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹni tí kò bá ní, kó da iyanrìn gbígbẹ sí ìkòkò ńlá, kó gbé abọ́ lé orí agolo nínú rẹ̀, kó sì kó ẹyin iná sórí ìdérí, torí láìsí iná lókè, ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò pọ́n. Nígbà tí etí bá pọ́n tí àárín ṣì funfun díẹ̀, ẹ yọ ọ́. Á ṣì rọ̀ lọ́wọ́. Bó ṣe ń tutù ló ń le.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ kún fún ọ̀rinrin. Gbàrà tó bá ti tutù pátápátá, ẹ kó o sínú agolo olómọrí. Tí ẹ bá kó o ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, á làágùn. Èyí tó bá sì ti dẹ̀, ẹ dá a padà sínú ààrò 150 °C fún ìṣẹ́jú 5.