Ẹ Máa Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Bí Abúlé Ṣe Lè Ka Ìjà Àdá àti Ìbọn ní Agbègbè Kétu

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú iṣẹ́ oko o.

Tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lóko, àwọn àgbà a parí ẹ̀, wọn a bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ a tán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, tí màlúù tún wọ oko ẹ̀gẹ́, ibi àná náà ni ẹ̀jẹ̀ tún máa ń ta sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè sọ, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹ má sì rò pé ojú ogun nìkan ni ikú ti ń pọ̀. Ìṣirò Ìkéde Geneva, ìyẹn àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe láti dín ìwà ipá kù, tó jáde ní 2015, ní nǹkan bí 508,000 ènìyàn ni ìwà ipá ń pa lọ́dọọdún láàárín 2007 sí 2012. Àwọn tó bá ogun lọ nínú wọn ò ju nǹkan bí 70,000.

Ìwé kan àti bíírò kan tó. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ibi, ohun tí wọ́n fi jà, ohun tó fà á, iye ẹni tó fara pa, iye ẹni tó kú. “Lóko” kò tó. Ẹ kọ ibi náà kí àlejò lè débẹ̀. Bí àpẹẹrẹ:

“Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́. Ibi omi tó wà lẹ́yìn oko àgbàdo, lọ́nà Ìlárá. Àdá. Màlúù mu omi tí wọ́n ń pọn fún ilé. Ẹnì kan fara pa lápá. Kò sẹ́ni tó kú. Mo fojú mi rí i.”

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ sí i láé, ẹ má sì kọ “Fúlàní” síbi tó yẹ kí ẹ kọ “omi”. Ìwé tí orúkọ bá wọ̀, lọ́jọ́ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá ẹ̀san, òun náà á di ohun ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, kó lọ bá ọlọ́pàá.

Bí wọ́n bá yin ṣakabùlà sókè láti fi dẹ́rù bani, tí kò ba ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ẹni tí wọ́n ṣá á sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ṣubú lé àdá ni. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Cardiff, nílẹ̀ Wales, oníṣẹ́ abẹ kan, Jonathan Shepherd, rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lù tí wọ́n gbé wá sọ́sibítù ni ọlọ́pàá ò gbọ́ nípa wọn rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù wá ń bi àwọn tó fara pa léèrè: níbo, nígbà wo, kí ni wọ́n fi ṣe é? Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n kó ìyókù fún ọlọ́pàá àti ìjọba ìlú, ni àwọn yẹn bá mọ àdúgbò àti wákàtí tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Iye àwọn tí ìjà ń gbé dé ọsibítù sì dínkù. Nítorí náà, kí olùtọ́jú ìwé abúlé máa yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lóṣooṣù: ọgbẹ́ àdá mélòó, ọgbẹ́ ọta mélòó? Iye nìkan.

Àwọn onímọ̀ máa ń ṣírò ikú nínú ènìyàn 100,000. Abúlé ẹni 600 ò lè lo ìyẹn: òkú kan ṣoṣo á dà bí òkú 167 nínú 100,000, á sọ ọ́ di ìlú ogun. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ ya àwòrán abúlé sórí páálí, oko, omi, ọ̀nà màlúù, kí ẹ fi hóró àgbàdo kan síbi tí ìjà kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí hóró bá ti gbá jọ, ọmọdé pàápàá á rí i.

Ẹ gbé páálí yẹn lọ bá mẹ́ẹ̀rì ní oṣù kẹwàá, kí màlúù tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ní ibí yìí lẹ fẹ́ kàǹga, ibí yìí lẹ fẹ́ kí wọ́n sàmì sí ọ̀nà màlúù. Tí wọ́n bá gbẹ́ kàǹga náà, ẹ má dáwọ́ dúró o. Lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ẹ tún hóró kà: ṣé ó dínkù lóòótọ́, àbí ó kàn ṣí lọ sí abúlé kejì?