Bó o ṣe lè yẹ ìwàásù aásìkí wò kó o tó fọwọ́ sápò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí àwọn oníwàásù aásìkí, ìyẹn àwọn tó ń sọ pé tó o bá fi owó ṣe ọrẹ, Ọlọ́run á sọ ẹ́ di olówó, ní kó gbin irúgbìn owó kí ilẹ̀kùn lè ṣí fún un, tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ àmọ́ tẹ́rù ń bà á pé bóyá Ọlọ́run lòun ń bá jà. O ò bá Ọlọ́run jà o. Àwọn ará Bèríà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ wò lójoojúmọ́, Bíbélì sì yìn wọ́n, kò wá sí pásítọ̀ tó kọjá àyẹ̀wò.

Kọ ẹsẹ tí wọ́n kà sínú fóònù ẹ, tó o bá délé kó o ka odindi orí náà, kó o béèrè pé ta ni wọ́n ń bá wí, kí sì ni wọ́n ń gba owó náà fún. 3 Jòhánù ẹsẹ 2 tí wọ́n fẹ́ràn jù yẹn, níbi tí Jòhánù ti gbàdúrà pé kí nǹkan máa lọ dáadáa fún ẹni tó kọ̀wé sí, kí ara ẹ̀ sì le, ìkíni inú lẹ́tà ni, Gáyù ni Jòhánù ń kí. Àdúrà dáadáa ni, èmi náà á ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlérí pé gbogbo onígbàgbọ́ á lówó. Máàkù orí 10 ńkọ́? Wọ́n á pariwo ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tí Jésù ní ẹni tó fi ilé tàbí ẹbí sílẹ̀ nítorí òun máa gbà, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀, fi ìka ẹ tọ ẹsẹ 30 lọ, wàá rí inúnibíni nínú gbólóhùn kan náà.

Ibi tí mo fẹ́ kó o pẹ́ sí jù ni 2 Kọ́ríńtì orí 8 àti 9, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá fúnrúgbìn púpọ̀ á ká púpọ̀. Owó tí Pọ́ọ̀lù ń gbà jọ nígbà yẹn, àwọn tálákà tó wà nínú ìjọ Jerúsálẹ́mù ló wà fún. Àwọn ará Makedóníà tó fi ṣàpẹẹrẹ, inú ìṣẹ́ paraku ni wọ́n ti mú ọrẹ wá, Pọ́ọ̀lù ò sì sọ níbẹ̀ pé wọ́n padà di olówó. Àwọn ìjọ tún yan ẹni tó bá owó náà rìn, kẹ́nikẹ́ni má bàa rí nǹkan wí sí i. Torí náà, béèrè: ta ló ń ṣírò owó níjọ wa, ta ló ń rí ìwé ìṣirò ẹ̀, èló ló ń dé ọ̀dọ̀ opó àti aláìní? Tí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn.

Tún gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí owó ò dé fún. Tó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ẹ̀ ló kéré tàbí irúgbìn ẹ̀ ni ò tó, gbogbo ẹ̀bi á máa wà lọ́rùn ẹni tó fúnni títí ayé, ìyẹn burú jáì, torí Pọ́ọ̀lù tó mọ ebi nínú Fílípì 4, ta ló máa sọ pé kò nígbàgbọ́? Àwọn onímọ̀ Bíbélì nílẹ̀ Áfíríkà nínú ẹgbẹ́ Lausanne, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ajíhìnrere kárí ayé, pàdé ní Akropong, ní Gánà, lọ́dún 2008 àti 2009, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ìyanu wà, pé iṣẹ́ àṣekára dáa, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀kọ́ àwọn tó ń gbé ìwàásù yìí lárugẹ jù, irọ́ ni, ó sì ń lọ́ Bíbélì po. Jim Bakker tó ń wàásù lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì lọ́dún 1989, òun fúnra ẹ̀ padà sọ pé ẹ̀kọ́ aásìkí tóun kọ́ àwọn èèyàn ò tọ̀nà.

Má yáwó ṣe ọrẹ láé. Tí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú yìí nìkan ni ilẹ̀kùn ṣí, fowó ẹ sápò di ọ̀la. Ṣì máa fúnni o, tọkàntọkàn, láìsí túláàsì, bí 2 Kọ́ríńtì 9:7 ṣe wí.

Tó bá jẹ́ ìbátan ẹ ló ti kó gbogbo owó ẹ̀ lọ, má fi ṣe yẹ̀yẹ́, má sì ní o ti kìlọ̀ fún un. Jókòó tì í, ẹ jọ ṣírò gbèsè tó wà nílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì mú àgbà ìjọ kan dání lọ bá pásítọ̀ náà sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ṣí Bíbélì síwájú ẹ̀.