Bí mo ṣe dá aago pọ́ǹpù kílórììnì padà sí 1972
Ní 1999, níbi tí a ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ní Amẹ́ríkà, èmi ni wọ́n ní kí n yẹ ẹ̀rọ wò kí 2000 tó dé. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ò yọ mí lẹ́nu. Àpótí kékeré tó ń darí pọ́ǹpù kílórììnì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ló já mi láyà: nọ́ńbà méjì péré ló fi ń ka ọdún, 99 fún 1999, ó sì lè ṣi 00 kà.

Kí n tó dán an wò, mo kọ́kọ́ yọ pọ́ǹpù kúrò lábẹ́ rẹ̀, à ń fọwọ́ tàn án. Irú ìdánwò yìí ló da nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 gálọ́ọ̀nù ìdọ̀tí sínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Van Nuys, ní Los Angeles, lóṣù Kẹfà ọdún náà, ta ló fẹ́ tìyẹn? Mo wá sún aago dé 11:55 alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Bó ṣe di 00, ó kà á sí 1900: Sátidé di Mọ́ńdè, ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dojú rú.

Àwọn tó ṣe é ò ta ẹ̀yà rẹ̀ mọ́. Mo bá tẹ 72 sí i. Sátidé ni 1972 bẹ̀rẹ̀, bíi ti 2000, àwọn méjèèjì ló sì ní ọjọ́ 29 nínú oṣù Kejì. 1900 ò ní in. Mo dán ìyẹn náà wò, ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo lẹ bébà mọ́ ọn lára: “Ẹ fi 28 kún ọdún tí ẹ bá rí.” Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí.