Ẹ yẹ ríǹgì wò kí ẹ tó so fíltà bríídà mọ́ ẹ́ńjìnì dísù àtijọ́

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ lo fíltà bríídà (asẹ́ tó ń gba ọ́ìlì kúrò nínú èéfín kí ẹ́ńjìnì tó fà á mu padà) kí èéfín ikùn ẹ́ńjìnì dísù àtijọ́ lè yéé tú síta, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń rọ́ jáde pẹ̀lú agbára, ó ṣeé ṣe kí ríǹgì písítìnì (òrùka tí kì í jẹ́ kí èéfín jò wọ ikùn ẹ́ńjìnì) ti jẹ. Fíltà kankan ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà láti inú fíltà sí ikùn ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé fíltà náà sókè, kí hóòsì rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ láìtẹ̀ kọ́dọ́rọ́ níbì kankan. Bí ọ́ìlì bá kún inú rẹ̀, ẹ́ńjìnì lè fà á mu, kó máa sáré àsápajúdé. Kọ́kọ́rọ́ ò ní pa á, torí kì í ṣe dísù ló ń jó mọ́. Àfi kí ẹ dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ má sì fi ọwọ́ dí i o!

Ẹ má lo fáàfù èéfín ikùn ẹ́ńjìnì (PCV) ti ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù. Ẹ sì máa pààrọ̀ fíltà lásìkò, torí bó bá dí, ọ́ìlì á máa gba ojú síìlì (ohun tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú ẹ́ńjìnì) jáde.